Ìyá ọkọ wà nídìí ààrò: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Òṣogbo

Nọ́ọ̀sì kan ló darí ìyá yìí sí mi. Ẹni ọdún 62 ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò wọn: orí ń fọ́ ọ, oorun kò kun ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń já láìnídìí. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n yẹ ṣúgà wò, wọ́n ní kò sóhun tó burú. Wọ́n fún un ní oògùn orí fífọ́, wọ́n fi fítámínì lé e. Ó lò ó tán, ó tún padà wá. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn bi í pé, "Màmá, ta ló ń bá yín gbé nílé?" ló bú sẹ́kún, ni nọ́ọ̀sì bá kọ nọ́ńbà mi sẹ́yìn káàdì rẹ̀.

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Màmá mọ̀ pé mo ń kọ ọ́, ó sì yọ̀ǹda. Mo ti yí àwọn ohun tó lè mú kí ènìyàn dá a mọ̀ padà. Màmá náà ni n ó máa pè é níbí, torí bí mo ṣe ń pè é lójúkojú nìyẹn.

Ọmọ Òṣogbo ni. Aláró ni ìyá tó bí i. Ìkòkò aró tò sẹ́yìnkùlé wọn, òun ló sì máa ń gún ewé èlú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó fẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yìí mọ̀ pé láti 1907 ni reluwé ti dé Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní agbègbè Station Road, owó oṣù reluwé ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni Màmá ń gbé títí dòní. Ọkọ ti kú. Wọn kò bímọ.

Ọ̀rọ̀ àìbímọ yìí ni òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó béèrè orúkọ rẹ̀ pàápàá, ó ti ní, "Ọmọ mi, mi ò bímọ o." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń na káàdì ìdánimọ̀ sí ṣọ́jà lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ó tọ́ ọmọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà kò sì tíì pé ọdún méjì tí àbúrò fi gbé e sílẹ̀ fún un, tí òun wá ọ̀nà Èkó lọ. Màmá ló gbé ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Òun ló san owó WAEC. Aṣọ òkè méjì tó wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, òun ló tà á kí ọmọ lè wọ yunifásítì. Orúkọ ọmọ yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é, Ìyá Lágbájá, fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n.

Alásè ni. Òkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Èmi ni mo pè é ní iṣẹ́ o. Ohun tí òun sọ ni pé, "Mo máa ń bá wọn se oúnjẹ ni."

Mo fi ìwé ìbéèrè kúkúrú tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní ìbéèrè 15, tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Bí àpapọ̀ àwọn ìdáhùn tó tọ́ka sí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti ju 5 lọ, ó yẹ ká fara balẹ̀ wo onítọ̀hún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wádìí bóyá ayé ẹni tẹ́ ẹni lọ́rùn. Màmá dáhùn lójú ẹsẹ̀: "A dúpẹ́." Mo gbé e gba ọ̀nà mìíràn, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Ibí yìí ni ìwé yẹn ti máa ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Àgbà Yorùbá tí òrùlé ń jó lórí rẹ̀ yóò ní a dúpẹ́. Ọ̀wọ̀ ló fi ń dáhùn. Kò tíì sọ bí nǹkan ṣe rí. Bí ẹ bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síwájú rẹ̀, ìwé á sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Mo fò ó, mo padà sí i níparí, mo ní, "Màmá, bí wọ́n bá ní kí ẹ tún ayé wá, ṣé irú èyí náà lẹ ó tún yàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ìdáhùn nìyẹn.

Nígbà tí a dé ìbéèrè kejìlá, tó ń béèrè bóyá ẹni náà ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò jámọ́ nǹkan mọ́, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó ń fa òwú etí ìborùn rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.

Mo bi í ní tààrà bóyá ikú máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ má bẹ̀rù ìbéèrè yìí. Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbìn ín sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ikú kọ́ ni mò ń wá. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Mo wádìí síwájú sí i, mo rí i pé kò gbèrò ohunkóhun sí ara rẹ̀, síbẹ̀ mi ò yéé béèrè nígbàkúùgbà tó bá wá. Mo sì ní kó padà lọ bá dókítà kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó, kí wọ́n sì yẹ thyroid rẹ̀ wò, ìyẹn ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, nítorí àìsàn méjèèjì yìí máa ń ṣe bí ìrẹ̀wẹ̀sì lára àgbàlagbà. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ gbìyànjú ni èyí tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa níléèwé. Mo fún un ní bébà, mo ní kó lọ kọ ohun mẹ́wàá tó fẹ́ràn nípa ara rẹ̀. Ó mú un padà wá, ó kọ mẹ́rin: mo tọ́ ọmọ, mo tọ́jú ọkọ, mo tọ́jú ìyá ọkọ mi títí ó fi kú, mo máa ń tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ò rí ìkarùn-ún. Ẹ wo mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, iṣẹ́ tó ṣe fún ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀. Ìdí kejì tí bébà yẹn kò fi ṣiṣẹ́ wà nínú àṣà wa gan-an. Lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn ló ń ki ni. Ẹni tó bá jókòó tó ń ki ara rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá nǹkan ti ṣe é. Bí a bá wá ní kí obìnrin ẹni ọdún 62 máa yin ara rẹ̀ síwájú ọmọdé, ìtìjú la ń fún un gbé lọ sílé.

Nígbà tí bébà kò mú nǹkan wá, mo darí rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan. Àwọn opó kan máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún ara wọn. Ẹgbẹ́ dára fún ẹni tó ń dá nìkan gbé, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó yí, Màmá ti di alásè ẹgbẹ́. Àwọn yòókù wà ní pálọ̀, wọ́n ń sọ tinú wọn. Òun wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ iná. Nígbà tí mo bi aṣáájú wọn pé báwo ni Màmá ṣe ń ṣe sí láàárín wọn, ó ní, "Háà, Màmá yẹn dáa o! Ẹ̀bà rẹ̀ kì í ní kókó."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló fi ohun tí a ń bá jà hàn mí. Ibikíbi tí wọ́n bá mú ìyá yìí lọ, yóò wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tó lé e lọ síbẹ̀. Bí ó bá jókòó láàárín àwọn ènìyàn tí kò sì ní nǹkan lọ́wọ́ tó ń bá wọn ṣe, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, bí ẹni pé kò tíì san owó ìjókòó.

Ní 1963, oníṣègùn àrùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Butler, kọ̀wé pé bí àgbàlagbà ṣe máa ń padà sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe ìránrán. Ó ní iṣẹ́ ni ọkàn ń ṣe: ó ń ṣírò ayé tó ti gbé. Ìṣirò náà lè já sí àlàáfíà, ó sì lè já sí ìbànújẹ́. Ọ̀nà yìí ni mo wá gbà, àmọ́ mi ò bẹ̀rẹ̀ láti orí bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀. Ìkòkò ni mo béèrè. Mo ní, "Màmá, òde wo lẹ ti kọ́kọ́ se ìrẹsì tó tó àpò kan?"

Ojú rẹ̀ ṣí. Ó ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo di olú-ìlú, tí kò sí òpópónà tí wọn kò ti ń ṣe fàájì. Ẹnì kan ládùúgbò pe òde, alásè tó gbà kò yọjú, àwọn àlejò sì ti ń dé. Wọ́n ní ta ló lè se é? Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò se oúnjẹ tó ju ti ìdílé rí, ó sì jáde, ó ní òun lè se é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí iná igi ṣe yàtọ̀ sí iná gáàsì, ìgbà tí ata dín tó àti ìgbà tí kò tíì dín tó. Ó ní bí ìrẹsì bá ti ń jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò ó. "Fa igi jáde. Ta ọ̀rá bò ó lójú, dé e, kí oru ara rẹ̀ se é jinná. Ẹni tó bá ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́ báyìí, ó ti pín èéfín kan gbogbo àlejò." Ó ń na ọwọ́, ó ń dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò rí ẹni yìí rí láti ìgbà tí a ti ń bọ̀.

Mo wá ní, "Èló ni wọ́n san fún yín lọ́jọ́ náà?"

"Wọ́n fún mi láṣọ."

Ti ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Wọ́n ṣe é lóore. Ti ìgbéyàwó ọmọ alága àdúgbò ńkọ́? "Ohun tí wọ́n bá rí náà ni. Ṣé èèyàn á máa bá ará ilé ná owó ni?" Mo ń béèrè lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé orí ìgbéyàwó ọmọ tó tọ́. Ó dákẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni ìgbéyàwó náà, ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Àbúrò ti Èkó dé. Wọ́n ní kí Màmá se oúnjẹ ẹbí ọkọ, torí ta ni yóò tún se é? Ó ra aṣọ ẹbí bí gbogbo ènìyàn. Ó ká a sínú ọ̀rá, ó fi í kọ́ ìṣó lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, pé tí ìkòkò kejì bá ti jinná, òun á wẹ ọwọ́, òun á wọ̀ ọ́. Ìkòkò kejì wà lórí iná nígbà tí adarí ètò gba gbohùngbohùn, tó ní kí ìyá ọkọ jó wọlé. Màmá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó na ọrùn wo ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ ló ń jó bọ̀, gèlè rẹ̀ ga, àwọn ènìyàn ń náwó sí i lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ ní, "Ṣé kì í ṣe Màmá wa yìí ni ìyá ọkọ ni?" Màmá ní kó fọ abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Kò wọ aṣọ ẹbí náà mọ́. Ó gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá bó ṣe wà.

Mo ṣí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìn-ín-ní ni ó kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ àìróorunsùn sùn. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí fún ẹnikẹ́ni, torí ó gbà pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ó ní, "Òun ló bí i. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Nínú oṣù kẹjọ ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà jáde. Màmá pẹ́ dé lọ́jọ́ kan nítorí ọdún Ọ̀ṣun. Ọkọ̀ kò lè kọjá ní ìhà ọ̀dọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí UNESCO ti kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2005, èrò òkè òkun náà ti ń pọ̀ sí i, gbogbo wa la sì máa ń bá a yí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó jókòó, ó ní òun náà ti tẹ̀ lé Arugbá rí. Nígbà tó wà ní ìyàwó, tí oyún kò dúró, ó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bu omi Ọ̀ṣun, ó ń mu ún, ó ń fi í wẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ lọ, ọdún yípo, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n wá dúpẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, wọ́n ní omi tó mu ni kò jẹ́ kó bímọ. Ó wò mí lójú: "Ibi méjèèjì ni wọ́n ti dá mi lẹ́bi."

Iṣẹ́ wa kọ́ ni láti sọ ibi tó jẹ̀bi nínú méjèèjì. Mo fi ẹ̀sìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mo gbé lé e lọ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti so pọ̀ mọ́ra: pé kò bímọ, pé kì í ṣe ìyá, pé kò jámọ́ nǹkan. Mo ní kó sọ fún mi èwo nínú wọn ni òótọ́. Ó ní èyí àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kó tó dé orí ìkejì. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ wá ní, "Àdùnní Olórìṣà ńkọ́?" Ó ń sọ nípa Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó wá fi Òṣogbo ṣe ilé títí tó fi kú ní 2009. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọbìnrin, ó máa ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbòkun. "Àwọn ọmọ tó gbà tọ́ níbẹ̀, ìyá ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló bí yín." Mi ò fi nǹkan kan lé e. Bó bá ṣe èmi ni mo wá àpẹẹrẹ kan fún un, kì bá wọlé tó èyí tó mú wá fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀ náà, oorun kò tíì padà wá. Ọ̀rọ̀ ti yé e. Ara kò tíì gbọ́.

Owó iṣẹ́ ló yí nǹkan padà. Mo ti rí i pé kò lè dárúkọ iye kankan fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì pinnu pé ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, dípò ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo ní kó lọ bi àwọn alásè mìíràn bí wọ́n ṣe ń gba owó. Ó padà wá pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lórí àpò ìrẹsì, wọ́n ń gba ti ẹran lọ́tọ̀. Owó igi, owó ọkọ̀ àti owó àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́, olóde ló ni ín. A jókòó, a ṣírò òde mẹ́ta tó ṣe kẹ́yìn. Nínú ohun tí wọ́n fún un ló ti san owó igi àti ti àwọn ọmọ. Nínú méjì, òun ló fi owó ara rẹ̀ kún un. Ó wo bébà náà títí, ó ní, "Áà. Mo ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kí n se oúnjẹ fún wọn."

A fi ẹnu dán an wò. Èmi ni oníbàárà, òun ni alásè. Nígbà àkọ́kọ́ tó dárúkọ iye, ó wolẹ̀. Ó tún fi "àmọ́ ohun tí ẹ bá ní náà ni" kún un kí n tó dáhùn. Mo ní kó gé ìrù yẹn kúrò. Ó ṣòro ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. A tún un ṣe títí ó fi lè dárúkọ iye, kó sì pa ẹnu dé.

Ẹnì kan wá nítorí òkú ìyá wọn. Bí Màmá ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí: ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó dárúkọ iye, ó dákẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Háà, Màmá, ẹ̀yin náà! Ṣé bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn?" Ó ní, "Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni mo fi jẹ gbèsè igi." Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Alásè mìíràn ló gbà.

Mo ti ń múra láti tù ú nínú nígbà tó ní, "Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn títí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọjá lójú ọ̀nà."

Mo ti rò ó dáadáa, ìdí tó fi jẹ́ òde tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún un ní oorun. Láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó tí kò bímọ ló ti ń gbé pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan: pé lọ́jọ́ tí òun bá kọ̀, tí òun bá béèrè, wọn kò ní rí ìdí tí wọ́n fi ń fàyè gba òun mọ́. Ìwúlò ló fi ń san owó orí. Lọ́jọ́ yẹn, ó béèrè, wọ́n sì kọ̀ lóòótọ́, ohun tó ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ kí i bó ṣe ń kí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú kankan látẹnu mi tó lè fi èyí hàn án. Bí ọkùnrin yẹn bá ti gbà lójú ẹsẹ̀ ni, inú rẹ̀ ìbá dùn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn ìbá ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ná an díẹ̀, ó sì san án.

Kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọmọ, mo béèrè ohun kan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń bá àgbàlagbà ṣiṣẹ́ máa béèrè: ta ló ń bọ́ ọ? Ọmọ náà máa ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó ṣe pàtàkì. Ó rọrùn fún olùdámọ̀ràn láti ní kí ènìyàn dìde dúró fún ara rẹ̀. Bí owó oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, a kì í sí níbẹ̀. Mo dúró títí owó òde fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un kí n tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wá sójú tábìlì. Àwọn kan nínú yín lè ní mo fà á jù. N ó tún fà á bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó ọmọ náà bímọ. Ọmọ tí Màmá tọ́ wá láti Ògo-Olúwa fúnra rẹ̀, ó ní kí Màmá wá bá wọn se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. Màmá ní òun ń bọ̀, òun á wọ aṣọ, òun á jókòó. Kó wá alásè. Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń se é ni?" Ó ní, "Èmi ni. Lọ́jọ́ yìí, ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ wá sọ lórúkọ." Ó bá a wá alásè, ó sì sọ iye tó yẹ kó san fún un.

Kò rí bí ẹ ṣe lè máa fọkàn rò ó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó sunkún. Àga iwájú kún, wọ́n fi sí ìlà kejì. Nígbà tó kàn án, ó ju owó sínú omi, ó fún ọmọ lórúkọ bíi ti gbogbo ẹbí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "Àǹtí mi tó bá mi wo ọmọ". Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Bá mi wo! Ọgbọ̀n ọdún. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní ọwọ́ òun fẹ́ wá iṣẹ́. Ó fẹ́ dìde lọ wò ó bóyá ata ti jinná lẹ́yìn. Ó jókòó síbẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì náà, ó ní iyọ̀ kò tó.

Nígbà tí mo tún fi ìbéèrè 15 yẹn wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti wálẹ̀ sí 3. Ní ti ìbéèrè kejìlá, ó ní, "Rárá," ó ní kí n máa lọ sórí èyí tó kàn. Orí ṣì máa ń fọ́ ọ nígbà mìíràn. Ó ṣì ń se oúnjẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́, èmi kò sì bá a sọ ọ́ pé kó má ṣe é, torí òun ló yan èyí.

Bí ẹ bá ní irú ẹni báyìí lọ́wọ́, ohun tí n ó ní kí ẹ máa wò ni ibi tó ń jókòó sí, iye tó ń pè, àti ohun tó lè kọ̀. Iyì ara ẹni lọ́dọ̀ àgbàlagbà wa kì í gbé nínú ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ara rẹ̀. Ìtẹríba ti bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àárín òun àti ẹlòmíràn ni ẹ ó ti rí i, níbi tí owó àti àga ti ń yí lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjákulẹ̀ kò ti ní pa á lára, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Kí ẹ sì múra sílẹ̀ fún ẹbí, torí ara kò ní tù wọ́n. Ìyá tó ti ń se oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò ní ṣàì ní àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Mo sì gbà wá níyànjú pé ká má fi àforíjì tàbí ìlàjà ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ orí yìí, ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ti kú, tàbí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀, tàbí kò ní gbà láé. Bí a bá so àlàáfíà wọn mọ́ ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ti so wọ́n mọ́lẹ̀. Àbúrò Màmá kò tíì pè é láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní ó ń bínú pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń gbéra ga. Mo bi Màmá bóyá ó ń dùn ún. Ó ní ó ń dun òun, ṣùgbọ́n òde ọjọ́ Sátidé ló wà lọ́kàn òun báyìí, torí olóde kò tíì san àṣansílẹ̀, òun kò sì ní ra ata títí yóò fi san án.